Ìmọ́lẹ̀ Búlúù Tí Àbúrò Mi Rí Lẹ́nu Iṣẹ́

Láti ìgbà tí mo ti dé láti ilẹ̀ Faransé, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí ní Inisa, ní Òkukù, àti ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Ìkìrun: "Ṣé òótọ́ ni pé ilé iṣẹ́ tí Rótìmí ti ń ṣiṣẹ́ gbiná?" Kò gbiná. Mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ níbẹ̀. Ohun tí mo fi ojú ara mi rí àti ohun tí wọ́n sọ létí mi ni mo kọ síhìn-ín. Ibi tí n kò bá mọ̀, mo ti sọ pé n kò mọ̀.

Ìkúùkù tí kì í rìn

Ìkúùkù kan ni mo kọ́kọ́ rí. Ojú ọ̀run mọ́ kedere lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọkọ̀ ojú irin sì ń gbé wa kọjá láàárín oko àlìkámà. Èmi tí òkè yí ilé mi ká ní Ìkìrun, ojú mi kò rí ohun tí yóò sinmi lé, àfi ìkúùkù funfun kan ṣoṣo tí ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Afẹ́fẹ́ a máa gbé ìkúùkù lọ. Eléyìí kò kúrò lójú kan.

Mo ní, "Rótìmí, kí ló so ìkúùkù yẹn mọ́lẹ̀?"

Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí mi, ibi iṣẹ́ mi lẹ ń wò yẹn. Oru omi ni."

Nígbà tí a sún mọ́ ọn, mo rí ilé gíga méjì tí ìbàdí wọn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ti odó, tí oru funfun ń tú jáde lórí wọn. Rótìmí ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lọ́nà tí ó yé mi. Wọ́n ní irú irin kan tí ó ń gbóná fúnra rẹ̀, láìsí igi ìdáná, láìsí kẹrosíìnì. Òun ni wọ́n fi ń se omi, oru omi náà ni ó ń yí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà ni ó ń fún gbogbo ìlú ní iná mànàmáná. Ṣùgbọ́n irin yẹn ń tú ìtànṣán jáde. Kò ní òórùn, kò ní ariwo, ojú kì í rí i, ó sì lè ba ẹ̀jẹ̀ ènìyàn jẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tọ́jú irin náà sísàlẹ̀ omi jíjìn.

Rótìmí ni àbíkẹ́yìn ìyá wa. Ó wà ní kíláàsì kẹrin ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìyá wa kú, èmi ni mo sì tọ́ ọ. Ó ti tó ogún ọdún tí ó ti wà lọ́hùn-ún, ó sì ti pẹ́ tí ó ti ń bẹ̀ mí pé kí n wá sinmi. Ìyàwó rẹ̀ ti kó àwọn ọmọ lọ kí ìyá tirẹ̀ ní Kútọnu ní àsìkò náà, nítorí náà àwa méjèèjì nìkan ni a wà nínú ilé. N kò ní dárúkọ ìlú náà. Ìlú kékeré ni, létí odò ńlá kan.

Bọ̀nsúù

Wọ́n ti sọ fún mi nílé pé òyìnbó kì í kí ènìyàn. Ní ìlú tí mo lọ, irọ́ gbáà ni. Lọ́jọ́ kejì tí mo dé, mo wọ ilé aṣebúrẹ́dì, mo sì na ìka sí búrẹ́dì gígùn kan. Obìnrin tí ń tà á wò mí, kò mú búrẹ́dì náà. Ó ní, "Bọ̀nsúù, Màdáàmù." Ó tún dúró. Mo tún na ìka.

Rótìmí sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn mi. "Àǹtí mi, ẹ kí wọn. Wọn ò ní dá yín lóhùn tí ẹ ò bá kí wọn."

Ojú tì mí. Èmi, ọmọ Inisa, ni òyìnbó ń kọ́ ní ìkíni! Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti gbé ẹsẹ̀ lé ẹnu ọ̀nà ibikíbi, ìkíni ni mo fi ń ṣáájú. Ẹni tí ó bá fẹ́ jáde náà yóò dágbére fún gbogbo ilé. Ẹni tí ó wọ inú ọkọ̀ yóò kí awakọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kò tẹ́ mi lọ́rùn níbẹ̀: bí wọ́n bá ti kí ọ tán, ó tán nìyẹn. Kò sí ẹni tí yóò bi ọ́ pé ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́.

Ní ọjà ọjọ́ Sátidé, bàbá arúgbó kan kò tètè ta bàrà aládùn tí mo yàn fún mi. Ó bi Rótìmí ní ìbéèrè, Rótìmí sì yíjú sí mi. "Wọ́n ní ìgbà wo lẹ máa jẹ ẹ́, ṣé lónìí ni àbí lọ́la?" Mo ní lọ́la, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Bàbá náà dá èyí tí mo yàn padà, ó tẹ mìíràn, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tó gbé ọ̀kan fún mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, kò le, kò rọ̀ jù. Mo fẹ́ràn ènìyàn tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ dé ibi tí bàbá yẹn mọ̀ ọ́n dé.

Pánlá ní ilé Manu

Ní ọjọ́ Àìkú kejì, Manu pè wá jẹun. Manu àti Rótìmí ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ọmọ ilẹ̀ Potogí ni, ó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, ó sì gbọ́ gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, irú tèmi yìí náà. Iṣẹ́ wọn ni láti to àwọn irin tí àwọn òṣìṣẹ́ yòókù máa ń gùn ṣiṣẹ́ nínú gbọ̀ngàn tí omi jíjìn náà wà, kí wọ́n sì tú u nígbà tí iṣẹ́ bá parí.

Ìyàwó rẹ̀ gbé àwo ẹja wá, òórùn tí mo mọ̀ sì kọ lù mí. Mo pariwo, "Pánlá rèé!"

Manu fi ṣíbí sílẹ̀. "Ẹ mọ̀ ọ́n?"

Mo ní, "Ṣé kí n má mọ ẹja tí mo ń rà ní ọjà ni?" Inú rẹ̀ dùn débi pé ó bu apá ti Rótìmí kún tèmi. Wọ́n ti fi iyọ̀ sí tiwọn, wọ́n fi ọ̀dùnkún àti òróró sè é. Ó rọ̀ ju tiwa lọ, ata ni kò ní. Mo jẹ ẹ́ tán.

Manu tí ń ṣe yẹ̀yẹ́ Rótìmí láti òwúrọ̀ wá kọjú sí mi. "Màdáàmù, ó sọ fún mi nípa ìjọ yín. Aṣọ funfun lẹ ń wọ̀, ẹ kì í wọ bàtà wọlé. Àwa náà nìyẹn! Aṣọ funfun, bàtà wa ò gbọdọ̀ wọlé. Àfi pé àwa ò kí ń jó."

Rótìmí ní, "Ìwọ! Ta ló máa wo ijó rẹ?"

Manu ló kọ́kọ́ fi báàjì wọn hàn mí. Ẹ̀rọ kékeré kan ni, ó fẹ̀ tó ìṣáná, àyà ni wọ́n ń fi í kọ́. Ó ń ka ìtànṣán tí ó bá kan ara ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Bí iye tí ó kà bá ti dé ibi tí òfin dá dúró sí, ẹni náà kò gbọdọ̀ wọ inú gbọ̀ngàn mọ́ títí ọdún yóò fi yí po. Manu gbá báàjì náà jẹ́ẹ́. "Ìyá ìyàwó mi nìyí. Gbogbo nǹkan ló ń kà, kì í gbàgbé." Ìyàwó rẹ̀ fi aṣọ ìnuwọ́ gbá a lórí, gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, Manu sọ ọ́ láìrẹ́rìn-ín pé ó ku ọdún kan kí òun fẹ̀yìn tì, òun kò sì fẹ́ kí wọ́n fi òun jókòó sẹ́nu géètì bí arúgbó tí kò wúlò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Mo ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà tí ó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀, fóònù mi ké lọ́nà tí kò ké rí, ọ̀rọ̀ Faransé sì kún ojú rẹ̀. Kí n tó mọ ohun tí màá ṣe, ìyá àgbà tí ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ti ń kan ilẹ̀kùn. N kò tíì bá obìnrin náà sọ̀rọ̀ rí ju ìkíni lọ. Ó kí mi tán, ó ti fèrèsé mi pa, ó sì kó páálí oògùn kékeré kan lé mi lọ́wọ́. Mo rò pé ó ti gbọ́ bí mo ṣe ń wúkọ́. Mo dúpẹ́, mo yọ hóró kan, mo fẹ́ jù ú sẹ́nu.

"Nò! Nò! Nò!" Ó di ọwọ́ mi mú. Ó na ìka sí fóònù, ó na ìka sí oògùn, ó mi orí. Ó yé mi: oògùn ìtànṣán ni, bí fóònù bá ní kí a lò ó ni kí n lò ó. Ó jókòó tì mí, ó ń hun aṣọ òtútù, títí ọ̀rọ̀ mìíràn fi wọlé sórí fóònù, èyí tí Rótìmí tú fún mi lẹ́yìn náà, pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò jáde kúrò nínú ilé iṣẹ́. Ìgbà náà ni ìyá àgbà náà dìde, tí ó ṣí fèrèsé mi padà, tí ó sì dágbére. Mo ti gbé ní àdúgbò tí gbogbo wa ń jẹun papọ̀. N kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ì bá rántí àjèjì tí kò gbédè ní irú wákàtí yẹn.

Rótìmí dé lọ́sàn-án pẹ̀lú aṣọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó ní ohun èlò tí wọ́n fi ń gbé irin gbígbóná lábẹ́ omi ló jábọ́, agogo ìkìlọ̀ dún, wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn jáde. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti yẹ báàjì wọn wò, ohun tí ó kà kò tó nǹkan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n kò jẹun lọ́jọ́ náà, kò jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, orin ìjọ ni ó sì ń kọ ṣáá. Mo mọ̀ pé ààwẹ̀ ni. Mo rò pé ààwẹ̀ ọpẹ́ ni.

Ohun tí ó rí

Ní ọjọ́ kẹfà, mo bi í. Ó kọ́kọ́ ní kò sí nǹkan. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àǹtí mi, ìran ni. Mo ti pe Bàbá. Wọ́n ní kí n fi pamọ́ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún."

Ẹni tí kì í bá ṣe Aládùúrà lè má mọ ohun tí èyí jẹ́. Ní ìjọ tiwa ní Inisa, ẹni tí ó bá rí ìran ní ilẹ̀ àjèjì kì í sọ ọ́ fún ẹni tí kì í ṣe ará ìjọ kí ọjọ́ mọ́kànlélógún tó pé. Bàbá Àdúrà tí ń gbé ní Òkukù, tí wọ́n jẹ́ olórí wa, ni wọ́n máa ń tú ẹnu ẹni náà sílẹ̀. Èmi ni akọ̀wé ìran. Bí ẹ̀mí bá gbé ènìyàn, èmi ni mo ń jókòó tì í pẹ̀lú bírò, tí mò ń kọ ohun tí ó bá sọ. Ọdún kọkànlélógún nìyí tí mo ti ń ṣe é. Iṣẹ́ akọ̀wé kò ju mẹ́ta lọ: kí ó má fi kún un, kí ó má yọ nínú rẹ̀, kí ó má túmọ̀ rẹ̀.

Mo ní, "Akọ̀wé kì í ṣe àjèjì. Wá sọ ọ́ kí n kọ ọ́." Mo mú ìwé àjákọ kan.

Ó ní nígbà tí agogo dún, àwọn mẹ́rin ni wọ́n forí lé àtẹ̀gùn. Manu yí padà, ó fẹ́ mú ọ̀kan nínú àwọn irin tí wọ́n ń tò, tí wọn kò tíì dè, kí ó má baà já sínú omi. Rótìmí dúró, ó yíjú láti pè é. Ìgbà náà ni ìmọ́lẹ̀ náà tàn lẹ́yìn Manu.

"Agogo mélòó?"

"Mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlá. Aago wà lára ògiri."

"Ṣé inú omi ni?"

"Rárá. Tinú omi, a mọ̀ ọ́n. Inú omi yẹn máa ń tàn búlúù lójoojúmọ́, wọ́n tiẹ̀ máa ń mú àlejò wá wò ó. Ti ọjọ́ yẹn, òfuurufú ló wà, lókè omi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri."

"Búlúù wo? Ṣé ti yúnífọ́ọ̀mù ni àbí ti aṣọ nọ́ọ̀sì?"

Ó rò ó. "Búlúù tí Màmá wa máa ń pò mọ́ omi tí wọ́n fi ń ṣan sùtánà. Òun gan-an. Ìdí tí mo fi kúnlẹ̀ nìyẹn."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn, kò ní ariwo, kò gbóná. Ó ní ẹnu òun dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ń lá irin. Ó ní kò pẹ́ ju kí òun sọ "Olúwa, ṣàánú fún mi" lẹ́ẹ̀kan lọ.

"Manu ńkọ́? Kí ni ó rí?"

"Kò rí nǹkan. Ó kọ ẹ̀yìn sí i."

"Ara rẹ̀ ńkọ́?"

Ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi. "Ó bì lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní pánlá ni. Láti ìgbà yẹn, ó kàn ń rẹ̀ ẹ́ ni."

"Báàjì tirẹ̀ náà kò ka nǹkan?"

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Rótìmí, mò ń kọ ọ́ lọ́wọ́. Kí ni báàjì rẹ̀ kà?"

Ó ní báàjì Manu kò sí lára rẹ̀. Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni ó fi í sí, lẹ́yìn ògiri tó nípọn. Ó ti tó oṣù kan tí ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí báàjì má baà kà á jáde kúrò nínú gbọ̀ngàn.

Mo fi bírò sílẹ̀. Ohun tí àbúrò mi rí, n kò lè sọ pé áńgẹ́lì ni, n kò sì lè sọ pé kì í ṣe áńgẹ́lì. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan dúró sí iwájú ìmọ́lẹ̀ náà láìsí ohun tí ó ń kà fún un. Ara rẹ̀ kò sì yá. Ẹnì kan ṣoṣo tí ó lè sọ ọ́ fún dókítà ń gbààwẹ̀, ó pa ẹnu mọ́.

"Pe Bàbá fún mi," ni mo wí.

Bàbá Àdúrà lórí fóònù

Ẹ̀rọ kò tètè gbé ohùn wa. Nígbà tí Bàbá gbọ́ pé èmi ni, wọ́n ní, "Akọ̀wé! Ṣé òtútù ò tíì gbé ọ mì?"

Mo ní, "Ó ń gbìyànjú, Bàbá." Mo wá sọ pé mo fẹ́ kí wọ́n tú ẹnu Rótìmí sílẹ̀.

Ohùn wọn yí padà. "Ó ku ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí ló dé tí ó ń kán an lójú?"

"Kò kán an lójú, Bàbá. Èmi ni."

"Ìwọ kẹ̀! Ṣé o ti wá ń túmọ̀ ìran ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí n kò ṣe é rí. N kì í bá àgbà jiyàn, gbogbo ẹni tí ó mọ̀ mí ló mọ̀. Rótìmí ń wò mí. Mo ní, "Rárá o, Bàbá. Mi ò túmọ̀. Inú ilé onílé ni nǹkan ti tàn. Mo kàn fẹ́ kí onílé mọ̀ pé nǹkan tàn nínú ilé òun ni. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tí ara rẹ̀ ò yá."

"Ta ni ẹni náà? Ará ìjọ ni?"

"Rárá, Bàbá. Ọ̀rẹ́ Rótìmí ni. Ó fún mi ní pánlá jẹ."

Bàbá wá ní, "Kí ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú rẹ̀ rí nìkan ni kí ó sọ o, Akọ̀wé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ohun tí ojú rẹ̀ rí nìkan."

Níwájú àwọn ọ̀gá

Mo bá a lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nítorí ó ní òun kò lè dá lọ. Wọ́n mú wa wọ yàrá kan lẹ́yìn géètì. Dókítà obìnrin kan wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹnjiníà kan tí ó pá lórí. Rótìmí sọ ọ̀rọ̀ náà, ó ń làágùn. Mo ti múra sílẹ̀ fún ariwo. Nílé wa níbí, ìbéèrè àkọ́kọ́ ì bá jẹ́, "Níbo ni o wà láti ọjọ́ yìí?" Ìbéèrè tí dókítà náà kọ́kọ́ bi í ni, "Ta ló tún wà níbẹ̀?" Nígbà tí ó gbọ́ orúkọ Manu àti ọ̀rọ̀ báàjì, ó dìde, ó jáde. Nínú fèrèsé, mo rí i tí ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn kúrò kí Rótìmí tó dé ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹnjiníà náà ní kí n ka ìwé mi. Mo ń kà á ní Yorùbá, Rótìmí ń sọ ọ́ ní Faransé. Nígbà tí mo dé ibi tí ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn, ó bi í pé ilẹ̀kùn wo, ó sì fa okùn ìwọ̀n jáde, ó wọn ilẹ̀kùn yàrá náà. Èmi tí okùn ìwọ̀n kì í kúrò lọ́rùn mi, mo fẹ́ràn ọkùnrin náà láti ìgbà náà lọ. Nígbà tí mo dé ibi "Olúwa, ṣàánú fún mi," ó ní kí Rótìmí sọ ọ́ bí ó ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, ó ń wo aago. Ó ní kí èmi náà sọ ọ́. Lẹ́yìn náà òun fúnra rẹ̀ gbìyànjú rẹ̀, "Olúwa, sáàní fú mi," ojú rẹ̀ le koko lórí aago. Rótìmí rẹ́rìn-ín, fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ìgbẹ̀yìn ni ó tó bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ títí di ọjọ́ náà. Rótìmí ní, "Mo rò pé áńgẹ́lì ni." Mo wo ojú ẹnjiníà náà dáadáa. Kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe kọ àwọn yòókù. Ó ní, "Ẹni tó rí nǹkan, tó sì sọ ọ́, a kì í jẹ ẹ́ níyà níbí. Tí a bá jẹ ẹ́ níyà, lọ́jọ́ mìíràn a ò ní gbọ́ nǹkan kan."

Lẹ́yìn gíláàsì

Ẹ̀jẹ̀ Rótìmí mọ́. Ti àwọn méjì yòókù náà mọ́. Ti Manu kò mọ́. Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àwọn tí ń bá àìsàn jà, ti ń kú lọ. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, sí yàrá tí wọ́n fi gíláàsì yí ká, kí àìsàn má baà ráyè wọlé tọ̀ ọ́.

Ó bínú sí Rótìmí gidi. Ó ní ó ti tú àṣírí báàjì òun, ó ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi dá a lóhùn. Nígbà tí wọ́n gbà wá láyè láti rí i, a wọ ìbòjú, a wọ aṣọ funfun, a dúró lẹ́yìn gíláàsì. Irun rẹ̀ ti ń re. Ó wo Rótìmí, ó wò mí, ó gbé fóònù tí a fi ń bá a sọ̀rọ̀.

"Màdáàmù, ẹ wo ayé mi. Mo ní kí ìyá ìyàwó mi dúró de mi nísàlẹ̀ fún wákàtí kan péré."

Ìyàwó rẹ̀ tí ó dúró tì mí ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Dókítà ṣàlàyé fún wa pé irú àìsàn yìí a máa tan ènìyàn. Lẹ́yìn èébì ọjọ́ àkọ́kọ́, ara yóò dà bí ẹni pé ó ń yá. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ó máa ń le jù, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá ní ọmọ ogun mọ́. Bí ó bá wà nílé rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà, ibà kékeré tàbí kí abẹ́rẹ́ gún un lọ́wọ́ ti tó láti pa á. Mo ka ọjọ́ lórí ìka mi láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Mo tún un kà. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ti Rótìmí ì bá pé ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an.

Kí n tó kúrò, ẹnjiníà náà wá sílé wá bá wa. Wọ́n ti rí ohun tí ó ṣe Manu: nígbà tí ohun èlò náà jábọ́, ó ta irin gbígbóná kan gòkè, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ sókè omi ní ọ̀gangan ibi tí Manu dúró sí, kí ó tó tún rì. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ inú òfuurufú náà, wọn kò rí àlàyé rẹ̀. Àwọn kan ní ìmọ́lẹ̀ inú omi ló ta sára ògiri. Wọ́n wọ̀n ọ́n, kò bá a mu. Àwọn kan ní ojú Rótìmí fúnra rẹ̀ ni ìtànṣán tàn nínú rẹ̀. Dókítà yẹ ojú náà wò, kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà. Ẹnjiníà náà fi ìwé tí wọ́n kọ hàn wá. Ní ibi ìmọ́lẹ̀ náà, wọ́n kọ ọ́ pé: a kò tíì mọ ohun tí ó jẹ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ojú ń tì.

Mo ní kí Rótìmí sọ fún un pé kí ojú má tì í. Mo ti jókòó ti ọ̀pọ̀ aríran, ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ kí n kọ nìyẹn. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní ẹ̀rọ tí ń ka ohun tí ojú kò rí, síbẹ̀ wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ pé àwọn kò mọ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo rí lọ́hùn-ún, òun ni mo yẹ́ sí jù lọ.

Òkukù

Mo padà dé ní ọjọ́ Ẹtì. Ní ọjọ́ Sátidé, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Òkukù lọ kí Bàbá Àdúrà. Mo bá wọn lórí àga lábẹ́ igi máńgòrò ilé wọn. Mo kúnlẹ̀, wọ́n ní kí n dìde, mo gbé ṣokoléètì tí mo rà wá fún wọn sílẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, láti ibi agogo ìkìlọ̀ dé ibi gíláàsì. Wọ́n tẹ́tí sílẹ̀, wọn kò já mi lẹ́nu.

Mo rò pé ìmọ́lẹ̀ náà ni wọ́n máa bi mí. Gbogbo ẹlòmíràn, òun ni wọ́n ń bi mí.

Wọ́n ní, "Tí mo bá ti ní kí Rótìmí dúró kí ọjọ́ rẹ̀ pé ńkọ́?"

Wọ́n mọ̀ pé mo mọ ìdáhùn rẹ̀, mo sì mọ̀ pé wọn kò fẹ́ irọ́ láti ẹnu mi. Ewé máńgòrò kan já bọ́ sórí itan wọn, wọn kò gbọ̀n ọ́n kúrò.

"Báwo ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà ti ń ṣe báyìí?"

Mo ní Rótìmí pè mí lánàá. Ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń padà bọ̀ sípò, ó ti ń jẹun, ó sì ti ń bá àwọn nọ́ọ̀sì jà.

"Kí ni o pe orúkọ rẹ̀?"

"Manu, Bàbá."

"Mánù?"

"Ohùn kejì kò wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ma-nu."

Wọ́n fọwọ́ ti apá àga, wọ́n dìde pẹ̀lú agbára, wọ́n sì kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ, àwọn tí ó ti tó ọdún mẹ́ta tí orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n kúnlẹ̀ nínú ìjọ. Mo sáré kúnlẹ̀ tì wọ́n, mo fẹ́ dì wọ́n mú, wọ́n mi orí. Wọn kò gbàdúrà nípa ìmọ́lẹ̀. Orúkọ àjèjì náà ni wọ́n pè sí Ọlọ́run létí, wọ́n pè é díẹ̀díẹ̀, wọ́n tún un pè, títí ó fi yọ lẹ́nu wọn bí wọ́n ṣe ń pè é nílé rẹ̀.